Ẹni Tí A Kọ̀wé Sí Ló Nìwé

Èrò kan ti jókòó ti àwa tí a ń fi gègé wá oúnjẹ òòjọ́ ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, ó sì ti pẹ́ láàrin wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi gbà á bí òfin tí àwọn baba ńlá wa fi lélẹ̀: pé ìwé ilé-iṣẹ́, ìbáà ṣe lẹ́tà tí ń lọ sí òde, ìbáà ṣe mẹ́mò tí ọ̀gá kọ sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ìbáà sì ṣe kúèrì tí a tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kò lè níyì bí kò bá ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, àti pé Gẹ̀ẹ́sì náà pàápàá kò tíì tó Gẹ̀ẹ́sì bí kò bá le bí ọta, bí gbólóhùn rẹ̀ kò bá gùn bí ọ̀nà Abẹ́òkúta, bí ẹni tí ó kà á kò bá kọ́kọ́ mi orí kí ó tó yọ́ lọ bi ẹlòmíràn pé kí ni wọ́n ń wí. Akọ̀wé tí ó bá lè hun irú rẹ̀ ni a ń kí ní akọ̀wé kọ̀wúrà. Èyí tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí tí tọmọdé tàgbà gbọ́, a ní kò kàwé tó.

Mo lòdì sí èrò yìí tọkàntọkàn. N kò wí pé kí a má kọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, nítorí ẹni tí ó bá ń bá báǹkì àti kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe pọ̀ mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí a kọ̀wé sí ló nìwé, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́, àti pé ìwé tí a kọ sí òṣìṣẹ́ tí ń ti ẹ̀rọ ní Ìkẹjà gbọ́dọ̀ bá a ní èdè tí ó gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò tíì kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni, tákàdá ni a fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, tí aago mẹ́fà òwúrọ̀ kò tíì lù, ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Ọba Akran yóò rí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó láti Ìyànà Ìpájà àti Dópèmú, tí àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Agége gba ọ̀nà Ọ̀gbà, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá kọ́ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì, Yorùbá ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá tí ó jókòó sí ẹnu géètì, Yorùbá ni alábòójútó fi ń pín iṣẹ́ fún wọn, Yorùbá náà ni ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ fi ń ké. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí èmi ti ṣe akọ̀wé rí, ní àdúgbò yìí kan náà, bí wọ́n bá ti wọ géètì, pátákó ìkéde ni ó ń pàdé wọn lápá ọ̀tún, ó wà nínú gíláàsì, a fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Mo rántí ọ̀kan nínú àwọn ìkéde náà, nítorí èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, inú mi sì dùn sí i lọ́jọ́ náà: “All machine operators are hereby enjoined to desist forthwith from the manual extraction of obstructed materials while the equipment is operational.” Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún. Ohun tí ó sì fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí ike bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà yóò ka èyí ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì tún un sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ tí kò mọ̀wé rárá. Ìkéde tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ìka mẹ́wàá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí ó bá ń padà sílé, kí ni ó wá ń ṣe pẹ̀lú “forthwith”?

Kúèrì kan ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lọ. Bàbá kan wà ní ẹ̀ka tí a ti ń rọ ike, ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti dúró ti ẹ̀rọ kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kan ẹ̀rọ náà jó. Ní ọjọ́ kejì a tẹ kúèrì lé e lọ́wọ́, pé kí ó ṣàlàyé láàrin wákàtí 48 ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Bàbá kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mú ìwé náà lọ bá akọ̀wé onítáípù kan tí ó tẹ́ tábìlì sí ìtòsí Pẹ́ńsínẹ́mà ní Agége, ó sanwó fún un, ó sì sọ tẹnu rẹ̀: pé ẹ̀rọ náà ti ń gbóná kọjá bó ti yẹ láti ọjọ́ Ajé, pé òun ti fi tó alábòójútó létí lẹ́ẹ̀mejì, pé alábòójútó ní kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì tó láti gba bàbá là. Ṣùgbọ́n lójú akọ̀wé onítáípù, irú ọ̀rọ̀ gán-ín báyìí kò yẹ ní sísọ níwájú ọ̀gá. Ó fa èyí tí ó ti ń kọ fún gbogbo ènìyàn yọ, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rìbìtì-rìbìtì kọ ọ́ pé ìránṣẹ́ yín tí kò já mọ́ nǹkan ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ àforíjì fún àìbìkítà òun, pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́ láéláé. Kò sí alábòójútó nínú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ Ajé nínú rẹ̀. Bàbá tẹ̀ka sí i, ó dúpẹ́, ó lọ.

N kò rò pé akọ̀wé náà ní ibi lọ́kàn. Ìwà tí a fi tọ́ wa ni ó hù: nínú ilé Yorùbá, ẹni tí a pè lẹ́jọ́ a máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, a máa wí pé ẹ má bínú, àní bí òun kọ́ tilẹ̀ ni ó jẹ̀bi, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń mú inú àgbà rọ̀ kí ó lè gbọ́ àlàyé, àlàyé yóò sì wá tẹ̀ lé e, àgbà náà yóò sì dájọ́ lórí àlàyé, kì í ṣe lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó tọrọ àforíjì fún àìbìkítà ti jẹ́wọ́ àìbìkítà, ẹjọ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n lé bàbá lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Akọ̀wé onítáípù yìí, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán an, tẹrú ni ó fi jẹ́ ẹ.

Èmi ni mo to lẹ́tà náà sínú fáìlì. Nígbà tí bàbá wá gba owó tí ó ṣẹ́kù fún un, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní mo wí nínú ìwé yẹn?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè délẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí.” Mo mú un tọ ọ̀gá lọ, ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ti wọ ìwé. Ọdún mọ́kànlá rẹ̀ sì bá lẹ́tà kan lọ, lẹ́tà tí ó sanwó fún, tí ó tẹ̀ka sí, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ewu yìí kò ṣàjèjì sí òfin ilẹ̀ wa. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá irú wọn kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ara ìwé náà, àti pé bí ó ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti jẹ́rìí pé bí wọ́n ṣe rán òun ni òun ṣe jẹ́ iṣẹ́, pé òun sì ti kà á, òun ti túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín kí ó tó tẹ̀ka. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 náà ní kí agbanisíṣẹ́ fi àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́, kí ó má sì pẹ́ ju oṣù mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ. Kí ni ète àwọn òfin wọ̀nyí bí kò ṣe pé kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Nígbà tí a bá wá kọ àdéhùn náà ní èdè tí òṣìṣẹ́ kò gbọ́, tí a sì ní kí ó fọwọ́ sí i ní ẹnu ọ̀nà lórí ìdúró, mo ní a kò fún un ní àdéhùn kankan. Ẹrù ni a gbé lé e lórí.

Níbo ni a tilẹ̀ ti rí Gẹ̀ẹ́sì olókùúta yìí? Ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó ni, níbi tí akọ̀wé adúláwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà pé a pàṣẹ fún òun láti wí báyìí-báyìí, tí ó sì ń parí rẹ̀ pé òun ni ìránṣẹ́ wọn onígbọràn. Bí òyìnbó ti ń fi í lé wa lọ́wọ́ ni ó sì ń bọ́ ọ kúrò lára tirẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1940, tí ogun Hitler gbóná janjan, Winston Churchill kọ ìwé sí àwọn ìjòyè rẹ̀ pé kí wọ́n dín ọ̀rọ̀ kù, kí wọ́n yé fi gbólóhùn jànràn-jànràn jẹ àkókò ẹni tí yóò kà á. Ní ọdún 1948, Ọ́fíìsì Ìṣúná wọn ní kí Ernest Gowers, ògbólógbòó òṣìṣẹ́ ìjọba, kọ ìwé tí a pè ní Plain Words, láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí ará ìlú yóò gbọ́. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2010 pé ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá kọ sí aráàlú gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Àwọn tí wọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì ti kó agbádá onírin yìí dà sẹ́yìn ilé láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, àwa ni a lọ ṣà á, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì ń wọ̀ ọ́ re òde ní Ìkẹjà.

Ìran tiwa kì í sì í ṣe ìran tí kò mọ bí a ti ń ránṣẹ́. Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ ti wí pé ọkàn òun fà sí ọ; bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti ìwọ jọra. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi àrokò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò gbà á ni ẹni tí ń di í ń rò nígbà tí ó ń di í.

Àwọn tí wọ́n lòdì sí mi a máa fi òwe lé mi, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n fi òye gbé ìyókù. Mo gba òwe náà, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wí dáadáa: bó bá dénú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò wọlé kò ní inú tí yóò ti di odindi.

Wọ́n tún ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí ẹnu ọmọ Yorùbá tí ó jókòó sórí ilẹ̀ Agége ni ó ti ń jáde. Ilẹ̀ Agége yìí, kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀, oko kòkó àti obì ni. Níbẹ̀, ní Ìfàkò, ni Jacob Kehinde Coker gbé dá oko ńláńlá. Ní ọdún 1907 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn lébìrà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún wọn láti òkè wá kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, bí a ti ń ro ó, bí a ti ń sá a, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn, títí kòkó fi di ọrọ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọrọ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ní lọ́wọ́ nígbà tí ó ń la ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìmọ̀ iṣẹ́ tí ó tíì jáde láti Agége, tí ó sì tíì lówó lórí jù lọ, ẹnu Yorùbá ni ó gbà jáde. Kò sí ẹni tí ó lẹ mẹ́mò mọ́ igi kòkó.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ìwé, láti 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ti jáde láti 1991. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi àyè gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Aṣòfin Èkó sì ti ń jókòó ní èdè Yorùbá ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, ní Aláúsá, tí kò jìnnà sí Ọba Akran. Bí a bá lè fi Yorùbá jiyàn lórí òfin, ṣé a kò wá ní lè fi í sọ fún òṣìṣẹ́ pé a ti sún àkókò ìsinmi síwájú?

Ẹ tilẹ̀ wo ilé-ìwé. Ọmọ tí ń kọ́ Yorùbá fún ìdánwò WAEC ń kọ́ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Ó mọ̀ pé àdírẹ́sì méjì ni ti àìgbẹ̀fẹ́, tirẹ̀ lápá ọ̀tún lókè, kí ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí ti ẹni tí ó ń kọ ọ́ sí wà lápá òsì, kí ìkíni tẹ̀ lé e, kí ó kọ àkórí, kí ó tó wọ inú ọ̀rọ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun ni tiwọn ní tòótọ́. Gbogbo ìlànà ni ó pé. A ń fi í dán ọmọ wò, a ń fún un ní máàkì lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà a mú un wọ ilé-iṣẹ́ tí kò ti ní kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́ títí yóò fi fẹ̀yìntì.

Ti ẹ̀yà mìíràn tí ó wà láàrin wa, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ìgbò wà ní ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, Ègùn wà, Ìbìbíò wà, Haúsá tí òwò obì ti kó wá sí Agége láti ayé àwọn baba wọn náà wà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì líle kò ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́. Ìgbò tí kò lọ sí ilé-ìwé gíga kò mọ “forthwith” ju ọmọ Ẹ̀gbá lọ. Bí Haúsá bá pọ̀ ní ẹ̀ka kan, ẹ lẹ ti Haúsá mọ́ ọn. Tákàdá kò wọ́n tó ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé.

Àwọn mìíràn ní ará Íńdíà, ará Lẹ́bánónì àti ará Ṣáínà ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹrù bá pẹ́, tí ọkọ̀ tí yóò kó o ń dúró, “kíá, kíá” ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n mọ èdè tí iṣẹ́ ń gbọ́. Akọ̀wé wọn, ọmọ Yorùbá, ni kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti lẹ́tà tí ó ń lọ sí òde, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tí ó jẹ ilé-iṣẹ́ lówó, sọ iye owó náà àti ọjọ́ tí o fẹ́ gbà á fún un ní ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni. Mo ti rí lẹ́tà ìsingbèsè tí ó fi ojú ewé kan gbáko kí oníbàárà, tí ó bu ọlá fún un, tí ó sì pa iye owó mọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ajigbèsè ní òun kò rí iye kankan nínú ìwé náà, kò sì puró tán.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń bójú tó òṣìṣẹ́ láti Orẹ́gùn dé Agídíngbí, láti Ọ̀gbà dé Agége, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó lẹ ìkéde ọ̀la, ẹ pe ẹni tí ń gbálẹ̀ wọlé, ẹ kà á sí i létí, kí ẹ sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún yín. Bí ó bá lè sọ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ jókòó tún un kọ, kí ẹ sì kọ ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ẹ bá sì fún ní kúèrì, ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ní èdè tí ó fi ń lá àlá, kí ẹ fi ìdáhùn náà sínú fáìlì bí ó ti wí i.